Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Sìkóòpù Àlòsọnù Tí Wọ́n Fi La Ọ̀nà Òróòro Lóru

Lóṣù yìí, lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ òróòro pọ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, n kò sì rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń kọ ojú ìwé yìí. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: nọ́ọ̀sì ni mí ní yàrá tí wọ́n ti ń fi sìkóòpù, ẹ̀rọ gbọọrọ tó ní kámẹ́rà lórí, wo inú ènìyàn, ní ìpínlẹ̀ Texas. Kí n tó di nọ́ọ̀sì, odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi fọ àwọn ẹ̀rọ náà nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá wá rí i pé mo pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ fífọ̀, ẹ má bínú, ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti bó.

*Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 31, SS ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ibà mú un, ó ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ò kà á sí. Nígbà tó di Sunday, ó ń sọ kántankàntan, la bá sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn níbí ní Houston. Aago méjì òru ni wọ́n ki ẹ̀rọ bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n ní òkúta ló dí ọ̀nà òróòro. Ó yè, a dúpẹ́. Nígbà tí ìwé owó dé la rí i pé ẹ̀rọ àlòsọnù ni wọ́n lò fún un. Inú bí Bàbá wa. Wọ́n ní ṣé torí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ṣe fi ike lásán ṣiṣẹ́ lára ọmọ àwọn? Ṣé ohun tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan péré lè dára tó èyí tí wọ́n ń lò fún ọdún gbọọrọ? Àbí wọ́n fi àbúrò mi dán nǹkan wò ni? — Ẹ̀gbọ́n Aláìsàn, Houston*

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá, n kò lè bá wọn jà pé wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọmọ náà lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro. Òróòro á gba ọ̀nà tóóró kan tí kò tó ọ̀pá bírò bọ́ sínú ìfun, níwájú díẹ̀ sí ibi tí àpò oúnjẹ parí sí. Ẹnu ibi tó ń gbà bọ́ síbẹ̀ rí bí orí ọmú ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló kéré tó. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ara ẹni tó jẹ́ AA máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó gbó. Ti SS, ọjọ́ 10 sí 20 péré ni. Àwọ̀ gbogbo èyí tó ń fọ́ yìí, inú òróòro ló ń gbà lọ, bó bá pọ̀ jù á dì, á di òkúta. Mo ti rí wọn lójú ẹ̀rọ láìmọye ìgbà: dúdú, wẹ́wẹ́, bí iyeré tí wọ́n dà sínú ọbẹ̀. Wọ́n lè wà nínú àpò òróòro fún ọdún mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá já bọ́ sínú ọ̀nà tóóró yẹn ni wàhálà dé.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ yìí náà ló ń mú kí ojú àwọn SS pọ́n díẹ̀ láìsí àìsàn kankan, ó sì máa ń tan ẹbí jẹ. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Lọ́jọ́ mìíràn, bí ojú rẹ̀ bá pọ́n ju bó ṣe ń pọ́n tẹ́lẹ̀ lọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi Coke, tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, tí ibà àti gbígbọ̀n sì tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a nílé.

Omi tó bá dákẹ́ sójú kan kì í pẹ́ bà jẹ́. Òróòro tí kò ráyè ṣàn á di ọyún, kòkòrò inú ìfun á gun òkè wọ inú rẹ̀, ọyún yìí á máa ti ara rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ará Faransé kan, Charcot, ló kó àmì mẹ́ta jọ ní 1877: ibà, inú rírun lápá ọ̀tún, ojú pípọ́n. Ní 1959, dókítà mìíràn, Reynolds, fi méjì lé e: kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, kí orí aláìsàn sì dàrú. Kántankàntan tí ẹ ní àbúrò yín ń sọ lọ́jọ́ Sunday, ìkarùn-ún nìyẹn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ nínú lẹ́tà yín, mo dìde dúró.

Oògùn apakòkòrò nìkan kì í ran irú èyí, nítorí pé ìdènà ṣì wà níbẹ̀. Ìlànà tí àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Yúróòpù ń tẹ̀ lé ni pé bí ìfúnpá aláìsàn bá ti já nítorí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n la ọ̀nà náà kíá, kó má sì kọjá wákàtí 12. Èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ lè dúró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ti àbúrò yín kò lè dúró de àárọ̀ ọjọ́ Monday.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un là ń pè ní ERCP. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1968 ni McCune àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní George Washington University kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gba ọ̀nà ọ̀fun dé ẹnu ọ̀nà òróòro. Ní 1974, àwọn dókítà ní Jámánì àti Japan bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí òkúta lè ráyè jáde. Kó tó dìgbà náà, wọ́n á la ikùn ni.

Sìkóòpù tí wọ́n fi ń ṣe é yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń wo ọgbẹ́ inú. Èyíinì ń wo iwájú, èyí ń wo ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ara ògiri ìfun ni ẹnu ọ̀nà òróòro wà. Lórí rẹ̀ níbi tí kámẹ́rà wà, ahọ́n kékeré kan wà níbẹ̀, kò tó èékánná ọmọdé. Bí dókítà bá fi àtàǹpàkò ti ọwọ́ kékeré kan lókè, ahọ́n náà á gbé wáyà dìde, á sì darí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Láìsí ahọ́n yìí, ẹ ò lè ṣe é.

Ahọ́n yìí náà ló wá kó bá gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń fọ èyí tó jẹ́ àlòtúnlò. Bí wọ́n bá ṣe fà á jáde báyìí lẹ ó ti nù ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn níbẹ̀, ẹ ó sì fa omi ọṣẹ gba inú rẹ̀. Ẹ ó gbé e lọ sísàlẹ̀, ẹ ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ lábẹ́ omi kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò, bí ẹni tó ń wá ibi tí tíúbù kẹ̀kẹ́ ti lu. Búrọ́ọ̀ṣì ló kàn: ẹ gbé ahọ́n sókè, ẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ fọ iwájú rẹ̀, ẹ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe. Ẹ ó wá gbé e sínú ẹ̀rọ oníkẹ́míkà, lẹ́yìn náà ni fífi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀yìn ahọ́n yẹn, ojú ò rí i dáadáa, ìka ò dé ibẹ̀.

Ní 2012, kòkòrò tí oògùn kò ràn ran àwọn aláìsàn láti ara sìkóòpù bẹ́ẹ̀ ní Rotterdam, ní Netherlands. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, ilé ìwòsàn UCLA ní Los Angeles kéde pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn 179 ti kan irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ láti ara sìkóòpù méjì. Méje ló mú, méjì nínú wọn kú. Ilé ìwòsàn náà ní àwọn fọ àwọn ẹ̀rọ náà bí ìwé ìlànà ṣe wí. Mo wà ní yàrá ìsàlẹ̀ nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, gbogbo wa dákẹ́. Ní 2019, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n yọ lára irú sìkóòpù yìí lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ wọ́n tán, ó tó 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún tí kòkòrò burúkú ṣì wà lára rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n rọ àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ èyí tí apá kan rẹ̀, tàbí gbogbo rẹ̀, jẹ́ àlòsọnù. Ní oṣù Kejìlá ni wọ́n fọwọ́ sí àkọ́kọ́ tó jẹ́ àlòsọnù látòkè délẹ̀. Ẹ wá rí i pé ohun tí wọ́n lò fún àbúrò yín ti gba àṣẹ, wọn ò fi í dán nǹkan kankan wò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òun ni wọ́n lò láago méjì òru? Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ (n kò ní dárúkọ), mo dé ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Monday, mo bá sìkóòpù ERCP nínú agbada omi ọṣẹ. Òru Sunday ni wọ́n lò ó. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe: ó nù ún, ó fa omi gba inú rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó sì sáré tẹ̀ lé aláìsàn. Ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ kí fífọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òróòro àti ẹ̀jẹ̀ á gbẹ mọ́ inú rẹ̀, kòkòrò á sì fi nǹkan tó ń yọ̀ bora, bíi ti inú àmù tí wọn ò fọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Mo rẹ ẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì ní kí wọ́n má lò ó lọ́jọ́ yẹn. Inú bí ọ̀gá mi, nítorí pé ènìyàn mẹ́ta ló ń dúró dè é. Mo ní kí wọ́n bínú.

Àlòsọnù kò ní ìtàn yẹn. Ẹ ó ya ọ̀rá, ẹ ó so okùn rẹ̀ mọ́ àpótí tó ń gbé àwòrán jáde, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè gbé e tọ aláìsàn lọ nínú ICU, yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, bó bá le débi tí wọn ò lè gbé e kúrò lórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹnikẹ́ni kò ní máa wá ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ lóru, ẹni tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe tirẹ̀ láàárọ̀ kò ní jogún kòkòrò àbúrò yín. Èmi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́, èrò mi ni pé bí àlòsọnù bá ní ibùgbé kan, òru àti òpin ọ̀sẹ̀ ni.

Ṣé ó dára tó ti àtijọ́? Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ibùdó mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, àlòsọnù ni àwọn ọ̀gá dókítà fi bẹ̀rẹ̀ fún ènìyàn 60, wọ́n sì fi parí 58, méjì ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ fún. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní Orlando fi méjèèjì wé ara wọn, àbájáde iṣẹ́ náà kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ibẹ̀ fún àwòrán àlòsọnù ní máàkì tó kéré, wọ́n sì ráhùn nípa bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ àti omi rẹ̀. Dókítà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gba mọ́tò ẹlòmíràn wà: yóò dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò náà kò tíì mọ́ ọn lọ́wọ́. Lóru, iṣẹ́ náà kì í pẹ́: wọ́n á wọlé, wọ́n á fi róbà kékeré sọdá òkúta, ọyún á rọ́ jáde bí ìgbà tí wọ́n bá yọ ohun tó dí gọ́tà, wọ́n á jáde. Yíyọ òkúta gan-an lè di ọjọ́ mìíràn tí ara aláìsàn bá ti balẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ àwọ̀, n kò sí nínú yàrá náà, n kò sì lè búra fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹyọ kan àlòsọnù yẹn ju ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ yín ṣe yẹpẹrẹ, àlòtúnlò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni ì bá fà yọ. Ìwé owó náà ló yẹ kí ẹ gbájú mọ́ báyìí: ẹ béèrè èyí tó to gbogbo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ rí i pé wọn kò ka sìkóòpù náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí Bàbá wá fi ìyókù ìbínú wọn síbẹ̀.

*Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀ṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ yín ní wọ́n ń ju àwọn sìkóòpù yìí sínú pàǹtí lẹ́yìn lílò ẹ̀ẹ̀kan. Ọkàn mi bà jẹ́. Àwa tí à ń ra àlòkù fíríìjì, àlòkù mọ́tò, àlòkù ẹ̀rọ àyẹ̀wò oyún, ṣé a ò lè kó wọn wálé, ká fi Hypo àti Izal fọ̀ wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. — Ẹni Tó Ń Wá Ọ̀nà, Ọ̀ṣogbo*

N kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ju ọ̀kan sínú àpò pàǹtí, kámẹ́rà rẹ̀ ṣì ń tàn. Mo dúró, mo wò ó. Ọmọ ẹni tí kì í da omi ìfọrẹsì nù ni mí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, àlòkù yàtọ̀ sí àlòsọnù. Wọ́n ṣe fíríìjì kó lè pẹ́. Ẹni tó ṣe sìkóòpù yìí fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ sínú kẹ́míkà kí ó jáde bó ṣe wọlé. Ìwé ìlànà fífọ̀ rẹ̀ kò sí níbikíbi, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é fún fífọ̀. Ẹ sì rántí ohun tí mo sọ lókè: èyí tí wọ́n ṣe fún fífọ̀, tí àwa tó kọ́ṣẹ́ ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ fọ̀, kòkòrò ṣì ń kù sí i lára. Báwo ni Hypo inú báàfù yóò ṣe ṣe ju tiwa lọ? Èyí tó bá sì ṣẹ́ kù nínú ihò rẹ̀, inú ìfun aláìsàn ló máa dà á sí.

Ẹ wo ara ọ̀rá sìrínjì tí ẹ ń lò níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ ó rí nọ́ńbà 2 nínú òbíríkítí kan tí wọ́n fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Àmì kan náà ló wà lára àpò sìkóòpù yìí, ohun tó sì ń sọ ni pé ẹ má lò ó nígbà kejì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń sè nínú àwo irin lórí sítóòfù ní dìsìpẹ́ńsárì àdúgbò wa, gbogbo wa la sì ń tò sídìí rẹ̀. A ti jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ má dá wa padà.

Jẹ́ kí n tún sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kò sọ. Sìkóòpù kọ́ ló ṣọ̀wọ́n jù nínú ERCP. Ẹ nílò ẹ̀rọ X-ray tó ń fi àwòrán hàn bí ọwọ́ ṣe ń lọ, ẹ nílò ẹni tó ń fún ènìyàn lóògùn oorun, àti dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Níbí, ó kéré tán wọ́n ń retí pé kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti ṣe 200 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ tí kò mọ́ lè lu ìfun, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ dídà, ó sì lè bí pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, nínú. Kódà lọ́wọ́ ọ̀gá, ti pancreas yìí máa ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń ti oògùn diclofenac tàbí indomethacin bọ ìdí aláìsàn.

Bí ẹni tí òróòro rẹ̀ dí bá wá gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ yín lóru òní ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ omi àti oògùn apakòkòrò sí i lára lójú ẹsẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ń dì bó ṣe yẹ (òróòro tó dí máa ń jẹ́ kí vitamin K já), kí ẹ sì ti máa pe ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín. Béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe, ẹ má kàn kó aláìsàn sínú mọ́tò. Níbi tí kò bá sí ERCP, dókítà tó mọ ọ̀nà lè fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò oyún yẹn darí abẹ́rẹ́ gba ara ẹ̀dọ̀ wọlé, kó fi róbà fa òróòro náà síta sínú ọ̀rá. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Bí ìyẹn náà ò bá sí, iṣẹ́ abẹ.

Àwọn kan ń sọ pé àlòsọnù lè bá ilé ìwòsàn tó ń rí irú aláìsàn yìí lẹ́ẹ̀kan lóṣù lára mu, nítorí pé àlòtúnlò tuntun kan tó nǹkan bíi 40,000 dọ́là, ẹ ò tíì ra ẹ̀rọ ìfọ̀, ẹ ò tíì sanwó ẹni tó ń fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò tíì wá omi tó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi dọ́là ọjọ́ òní ṣírò owó ẹyọ kan kí ẹ wò ó bóyá ẹbí aláìsàn yín lè san án. Èmi ṣírò rẹ̀, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

*Ẹ̀gbọ́n mi, sìkóòpù ni mo ń fọ̀ ní Maryland, ọdún kejì rèé. Wọ́n kó páálí àlòsọnù mẹ́fà wá sí ẹ̀ka wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé iṣẹ́ ti ń bọ́ nìyẹn? — Ọwọ́ Tútù*

Àbúrò mi, orúkọ tó o fi kọ̀wé pa mí lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ò bọ́. Páálí mẹ́fà yẹn, ti òru ni, àti ti ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé kòkòrò tí oògùn ò ràn wà lára rẹ̀. Sìkóòpù tí wọ́n fi ń wo àpò oúnjẹ àti ìfun ńlá ló ń kún àpótí rẹ lójoojúmọ́, àwọn wọ̀nyẹn ò tíì lọ síbì kankan. Kódà fún ERCP ojúmọmọ, púpọ̀ nínú àwọn dókítà ṣì fẹ́ràn àlòtúnlò, pàápàá èyí tuntun tí wọ́n ṣe ìdérí orí rẹ̀ ní àlòsọnù. Ìdérí yẹn máa ń ṣí kúrò kí o lè fọ abẹ́ rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, sọ pé kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa kí o tó fọwọ́ kàn án, má sọ pé o ti mọ̀ ọ́n.

Lọ gba CER, ìwé ẹ̀rí ẹni tó mọ sìkóòpù fọ̀. Kí o sì ra ìpara ọwọ́ tó dára, èyí tí wọ́n ń pín fún wa níbi iṣẹ́ ò wúlò.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Dallas là ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe irú iṣẹ́ òróòro yìí fún ìyàwó mi lóru kan, wọ́n ní wọ́n fi róbà kan síbẹ̀, wọ́n ní kó padà wá. A ti padà sílé sí Ìlọrin láti oṣù márùn-ún, ara rẹ̀ le koko. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ara ti ń yún un, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń dúdú. Ìyá mi ní ibà pọ́njú ni, wọ́n ti se àgbo sílẹ̀. Ṣé kó mu ún? — Bàbá Ìbejì, Ìlọrin*

Bàbá Ìbejì, mo ti fèsì fún yín lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé, n kò dúró de ìwé ìròyìn. Mo ń tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn mìíràn.

Róbà náà là ń pè ní stent. Òun ló ń jẹ́ kí òróòro máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Kì í gbé ibẹ̀ títí. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n yọ ọ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìdọ̀tí máa ń dí inú rẹ̀. Ó jọ pé ti ìyàwó yín ti dí. Ara tó le koko fún oṣù márùn-ún kò túmọ̀ sí pé òkúta ti lọ, róbà ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ bá mi bẹ Ìyá kí wọ́n gbé àgbo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò bú àgbo, ọmọ Yorùbá ni mí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ yìí, gọ́tà tó dí ni, àgbo kò lè yọ ọ́, ó sì lè jẹ́ kí ẹ fi ọjọ́ méjì tí ẹ ò ní ṣòfò.

Ẹ wá ìwé tí wọ́n kó fún yín ní Dallas nígbà tí wọ́n ń dá a sílẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ stent sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀, ẹ gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní Ìlọrin lónìí, kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ibà wò. Bí ibà bá fi lè mú un tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ má wá ìwé mọ́, ẹ máa gbé e lọ.